Susie King Taylor: Olùkọ́ àti Nọ́ọ̀sì Ogun Tí Wọ́n Kọ Sílẹ̀ Bí Alágbàfọ̀

Àwọn baba wa a máa sọ pé òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Òwe yìí bá ìgbésí ayé obìnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí mu gidigidi. Susie King Taylor ni orúkọ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ti di olùkọ́ fún ọmọdé àti àgbàlagbà. Kí ó tó pé ogún ọdún, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ojú ọgbẹ́ àwọn tí ìbọn bà ní ojú ogun. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ni ó fi wà pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba fún iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, ìwé àwọn ológun kò pè é ní olùkọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò pè é ní nọ́ọ̀sì. Alágbàfọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ìtàn rẹ̀ yẹ̀ wò láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo àwa tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ìjọ, àlùfáà àti ọmọ ìjọ bákan náà.

Wọ́n bí i sí oko ẹrú

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1848 ni wọ́n bí Susan Ann Baker, ẹni tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Susie. Oko ìdílé Grest ni wọ́n bí i sí, ní erékùṣù kan tí ń jẹ́ Isle of Wight, ní àgbègbè Liberty, tí ó tó nǹkan bí máìlì 35 sí ìlú Savannah. Hagar Ann Reed ni orúkọ ìyá rẹ̀, Raymond Baker sì ni bàbá rẹ̀. Òun ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́sàn-án, mẹ́ta nínú wọn sì kú ní kékeré. Ẹrú ni ìyá, nítorí náà ẹrú ni ọmọ. Bẹ́ẹ̀ ni òfin ilẹ̀ náà wí ní ayé ìgbà náà.

Nígbà tí Susie tó bí ọmọ ọdún méje, olówó wọn gbà kí ó lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, Dolly Reed, ní Savannah. Ìyá àgbà yìí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Ó ń gba aṣọ fọ̀, ó ń tún yàrá ṣe fún àwọn ènìyàn, ó sì tún ń ṣòwò. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ó máa ń háyà kẹ̀kẹ́ ẹrù, tí yóò kó ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tábà, ìyẹ̀fun àti ṣúgà lọ sí ìgbèríko láti fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún ẹyin, adìẹ tàbí owó, tí yóò sì lo àǹfààní náà láti fojú kan ọmọ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ àwọn ìyá wa alájàpá yóò mọ irú obìnrin tí ó tọ́ Susie dàgbà.

Ìwé kíkà ní ìkọ̀kọ̀

Láti ọdún 1829 ni òfin Georgia ti kà á léèwọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti kọ́ adúláwọ̀ ní ìwé kíkà tàbí ìwé kíkọ, ìbáà ṣe ẹrú tàbí ẹni òmìnira. Owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n tàbí pàṣán ni èrè ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀. Ìdí òfin náà kò farasin. Ẹrú tí ó bá mọ̀wé lè kọ ìwé ìrìnnà fún ara rẹ̀, ó lè mọ ohun tí ń lọ láyé, ó sì ṣòro láti tàn jẹ.

Síbẹ̀, Dolly Reed pinnu pé ọmọ-ọmọ òun yóò mọ̀wé. Ó fi í lé ọwọ́ opó kan tí ń jẹ́ Ìyáàfin Woodhouse, obìnrin adúláwọ̀ tí ó ní òmìnira, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ bí 25 sí 30 nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ní àràárọ̀ ni Susie àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin yóò fi pépà wé ìwé wọn kí ọlọ́pàá tàbí òyìnbó má baà rí i. Àwọn ọmọ náà kì í wọlé pọ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń jáde. Àwọn aládùúgbò tí ó rí wọn rò pé iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń kọ́, nítorí ó wọ́pọ̀ nígbà náà pé kí a fi ọmọ sí ẹnu iṣẹ́.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, ó lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ mìíràn, Ìyáàfin Mary Beasley. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1860, obìnrin yìí sọ fún ìyá àgbà pé gbogbo ohun tí òun mọ̀ ni òun ti kọ́ ọmọ náà tán, kí ó wá ẹlòmíràn fún un. Ọmọbìnrin òyìnbó kan tí ń jẹ́ Katie O'Connor, tí àwọn méjèèjì jọ ń ṣeré, tí ó sì ń kàwé lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà, gbà láti kọ́ ọ, bí ó bá lè ṣèlérí pé bàbá òun kò ní í gbọ́. Èyí tó oṣù mẹ́rin. Ọmọ onílé wọn, James Blouis, ni ó kọ́ ọ kẹ́yìn, títí ogun fi gbé ọmọkùnrin náà lọ ní ọdún 1861. Ẹ wo iye ọwọ́ tí ìwé gbà kọjá kí ó tó dé ọwọ́ ọmọ kan ṣoṣo!

Kò pẹ́ tí ìmọ̀ yìí fi wúlò. Ní Savannah, agogo kan máa ń lù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Adúláwọ̀ tí wọ́n bá bá ní ìta lẹ́yìn náà láìní ìwé àṣẹ, àtìmọ́lé ni yóò sùn. Susie ni ó máa ń kọ ìwé àṣẹ náà fún ìyá àgbà rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n mú ìyá àgbà àti àwọn mìíràn níbi ìpàdé ìsìn kan ní ẹ̀yìn ìlú. Orin òmìnira ni wọ́n ń kọ, àwọn agbófinró sì ní kì í ṣe òmìnira ti ọ̀run ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìgbà tí alágbàtọ́ rẹ̀ dé ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀ràn yìí ni wọ́n dá Susie padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní oko.

Olùkọ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá

Ogun Abẹ́lé ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1861. Àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù tí wọ́n fẹ́ pa oko ẹrú mọ́ ni wọ́n yapa, ìjọba àpapọ̀ sì gbógun tì wọ́n. Nígbà tí ó di oṣù kẹrin ọdún 1862, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ fi àgbá wó odi Fort Pulaski tí ń ṣọ́ ẹnu odò Savannah. Ìró àgbá náà dé etí Susie ní oko. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí odi náà bọ́ sí wọn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú àwọn bàbá inú ẹbí rẹ̀ kó ìdílé tirẹ̀ pẹ̀lú Susie, wọ́n sì sá lọ sí erékùṣù St. Catherines, níbi tí ọkọ̀ ogun ìjọba àpapọ̀ lè dáàbò bò wọ́n. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ ogun kan kó wọn, bí ọgbọ̀n ènìyàn, lọ sí erékùṣù St. Simons.

Inú ọkọ̀ náà ni Kápítéènì Whitmore ti bi í léèrè bí ó bá mọ ìwé kà. Ó ní òun mọ̀ ọ́n kà, òun sì mọ̀ ọ́n kọ. Ọ̀gá náà gbé ìwé àti kálàmù fún un bí ẹni tí kò gbà á gbọ́. Susie kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti bí i. Ẹnu ya ọkùnrin náà, nítorí kò rò pé ẹni tí ó ti oko ẹrú wá lè mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí ó dé erékùṣù náà tí ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun, Goldsborough, fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dá ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ó wà níbẹ̀. Ó ní inú òun yóò dùn sí i, bí òun bá lè rí ìwé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, àpótí ńlá méjì dé láti Àríwá, tí ó kún fún ìwé àti Májẹ̀mú Titun. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ọdún mẹ́tàlá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ bí ogójì ní ọ̀sán. Ní alẹ́, àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ tán a tún wá jókòó níwájú rẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ mọ ìwé kà ju ohunkóhun lọ. Òun ni àwọn òpìtàn kà sí adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó kọ́ni ní gbangba ní ilé ìwé àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ní Georgia.

Ó yẹ kí àwa ọmọ Nàìjíríà rántí ohun kan nípa erékùṣù yìí. Ní ọdún 1803, ní St. Simons kan náà, àwọn ará Igbo tí wọ́n kó lẹ́rú láti ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí wọ inú omi lọ, nítorí wọ́n yan ikú ju oko ẹrú lọ. Nígbà tí ó fi máa tó ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, lórí ilẹ̀ kan náà, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí oko ẹrú dúró níwájú àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí oko ẹrú, ó ń kọ́ wọn ní lẹ́tà, kò sì fi pépà wé ìwé rẹ̀ mọ́.

Láàárín àwọn ọmọ ogun

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1862, wọ́n kó gbogbo àwọn tí ó wà ní St. Simons lọ sí Beaufort, ní ìpínlẹ̀ South Carolina. Susie ti di ìyàwó Edward King, sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí wọ́n ń kó jọ ní Camp Saxton nítòsí Beaufort. First South Carolina Volunteers ni orúkọ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ogun àkọ́kọ́ tí wọ́n fi àwọn tí ó ti jẹ́ ẹrú dá sílẹ̀. Nígbà tí ó di ọdún 1864, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ẹgbẹ́ ọmọ ogun adúláwọ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ti Amẹ́ríkà. Ọ̀gá wọn, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Thomas Wentworth Higginson, ti ṣe olùṣọ́ àgùntàn ìjọ rí kí ó tó di ológun.

Alágbàfọ̀ ni wọ́n gba Susie sí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe níbẹ̀ pọ̀ ju aṣọ fífọ̀ lọ. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun bá sinmi, òun ni ó ń kọ́ wọn ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Ọkọ rẹ̀ náà a máa ràn án lọ́wọ́ nígbà tí ààyè bá gbà á. Ó kọ́ bí a ti ń tú ìbọn, bí a ti ń nù ún, bí a ti ń tò ó padà, ó sì mọ ọn yìn dáadáa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1863, ó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ka ìkéde Ààrẹ Lincoln ní Camp Saxton, èyí tí ó dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ń ṣọ̀tẹ̀. Wọ́n sun màlúù, wọ́n kọrin, wọ́n gbé àsíá lé àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ayọ̀ yìí ni irú àrùn ìgbóná kan wọ ibùdó. Wọ́n gbé ọmọ ogun kan tí ó mú sí àgọ́ ọ̀tọ̀, wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ ọn bí kò ṣe dókítà àti ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Susie ń lọ bẹ̀ ẹ́ wò, tí ó ń ṣe ìtọ́jú rẹ̀. Ó ti bu pá tẹ́lẹ̀, ó sì ń mu àgbo igi kan tí wọ́n ń pè ní sassafras, nítorí náà ẹ̀rù kò bà á. Ọmọ ogun náà kú, ṣùgbọ́n kò kú bí ẹni tí kò ní ẹnìkan.

Ní ọdún 1863 kan náà, ó máa ń lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Beaufort láti bẹ àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ wò. Níbẹ̀ ni ó ti pàdé Clara Barton, obìnrin òyìnbó tí òun náà ti jẹ́ olùkọ́ kí ó tó di olùtọ́jú àwọn tí ogun ṣe léṣe, tí ó sì dá ẹgbẹ́ Red Cross ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní ọdún 1881. Susie kò gbàgbé bí obìnrin náà ti fi ọ̀yàyà bá òun lò, àti bí ó ti fi ara jìn fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun náà.

Ní oṣù keje ọdún 1864, ẹgbẹ́ wọn jáde lọ sí ìjà ní àgbègbè Fort Gregg, nítòsí ìlú Charleston. Susie sìn wọ́n dé ibi tí ó lè dé, ó sì padà sí ibùdó láti dúró dè wọ́n. Nígbà tí àwọn tí ìbọn bà bẹ̀rẹ̀ sí í dé, ẹlòmíràn kò ní ẹsẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn kò ní apá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí yóò fún wọn jẹ. Ohun tí ó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kò ju mílíìkì inú agolo àti ẹyin ìjàpá òkun lọ. Ó pò wọ́n pọ̀, ó fi wọ́n se kọ́sítáàdì, àwọn aláìsàn náà sì jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀. Nínú ìwé tí ó kọ lẹ́yìn náà, ó ṣàlàyé pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń bà lẹ́rù ní ilé a máa sáré lọ di ọgbẹ́ ọmọnìkejì rẹ̀ ní ojú ogun, nítorí pé àánú a borí ìbẹ̀rù.

Owó ọ̀yà ni ìṣòro mìíràn. Ìjọba ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ ogun náà pé iye tí wọ́n ń san fún òyìnbó ni wọn yóò gbà, èyí tí í ṣe dọ́là 13 ní oṣù. Nígbà tí ó yá, dọ́là 10 ni wọ́n gbé wá, wọn yóò sì yọ dọ́là 3 nínú rẹ̀ fún aṣọ. Àwọn ọmọ ogun náà kọ̀ ọ́. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe owó náà pé, àwọn yóò jà lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù méjìdínlógún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀, tí àwọn aya wọn ń fọ aṣọ, tí wọ́n sì ń ṣe àkàrà òyìnbó tà kí ọmọ lè jẹun. Ọdún 1864 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tó pàṣẹ pé kí wọ́n san owó wọn pé. Ṣùgbọ́n àṣẹ náà kò kan Susie, nítorí kò sí ẹni tí ó ti dá owó kankan lé iṣẹ́ tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní apá ìparí ọdún 1864, ikú fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un lọ. Ọkọ̀ ojú omi kékeré tí ó wọ̀ láàárín Hilton Head àti Beaufort dojú dé ní alẹ́. Àwọn kan ṣègbé nínú omi, ọmọdé kan wà nínú wọn. Susie rọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, títí àwọn kan fi gbọ́ igbe wọn tí wọ́n sì wá gbà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ó fi dùbúlẹ̀ àìsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó padà sí ẹnu iṣẹ́. Ó bá ẹgbẹ́ náà wọ Charleston ní ọdún 1865, ó sì wà pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi tú wọn ká ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kejì ọdún 1866.

Lẹ́yìn ogun

Susie àti ọkọ rẹ̀ padà sí Savannah. Edward King jẹ́ káfíńtà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò rí iṣẹ́ káfíńtà ṣe nítorí àwọ̀ ara rẹ̀, ó sì ní láti máa já ẹrù ọkọ̀ ojú omi ní èbúté. Aya rẹ̀ ṣí ilé ìwé sínú ilé wọn. Ọmọ bí ogún ni ó ń kọ́, tí olúkúlùkù ń san dọ́là kan ní oṣù. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún 1866, Edward kú. Oyún ọmọ rẹ̀ wà nínú aya rẹ̀ nígbà náà.

Opó ọmọ ọdún méjìdínlógún yìí kò jókòó sunkún lásán. Ní ọdún 1867 ó lọ ṣí ilé ìwé ní àgbègbè Liberty tí wọ́n ti bí i, ó lo nǹkan bí ọdún kan níbẹ̀, ó sì padà sí Savannah láti máa kọ́ àwọn àgbàlagbà ní alẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ọ̀fẹ́ kan, Beach Institute, ti dé sí ìlú, àwọn tí ń sanwó fún un sì gba ibẹ̀ lọ. Ohun tí ó dára fún àwọn ènìyàn rẹ̀ ni ó gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Kò dá wọn lẹ́bi. Ó fi ọmọ rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ó sì lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ní ilé àwọn olówó.

Ní ọdún 1872, ìjọba san dọ́là 100 fún un gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́ ọkọ rẹ̀. Ó fi lára rẹ̀ pamọ́ sí bánkì tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n gba òmìnira. Ní ọdún 1874, bánkì náà fọ́, owó tí ìyá àgbà Dolly Reed ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kó jọ sì bá a lọ.

Ó bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ sí Àríwá, ó sì fìdí kalẹ̀ sí ìlú Boston, níbi tí ó ti fẹ́ Russell Taylor ní ọdún 1879. Kò gbàgbé àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1886, ó wà lára àwọn tí ó dá ẹ̀ka kẹtàdínláàádọ́rin ẹgbẹ́ Woman's Relief Corps sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ran ọmọ ogun àtijọ́ àti opó wọn lọ́wọ́. Ó ṣe akọ̀wé, ó ṣe akápò, ó sì di ààrẹ ẹ̀ka náà ní ọdún 1893.

Ìrìn àjò ọdún 1898

Ní ọdún 1898, ìròyìn dé pé ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó ń bá ẹgbẹ́ òṣèré rìn kiri, ń ṣàìsàn gidigidi ní Shreveport, ní ìpínlẹ̀ Louisiana. Ìyá wọ ọkọ̀ ojú irin láti Boston. Láti Cincinnati ni wọ́n ti ní kí ó kúrò láàárín àwọn òyìnbó, kí ó lọ jókòó sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún adúláwọ̀. Ọdún méjì ṣáájú ni ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti fi ọwọ́ sí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀, ó rí i pé kò lè jókòó. Ó fẹ́ gbé e lọ sílé, ó sì fẹ́ san owó ibùsùn nínú ọkọ̀ ojú irin fún un. Wọ́n kọ̀ láti ta ibùsùn náà fún un, nítorí adúláwọ̀ ni. Ọmọ náà kú sí Shreveport. Obìnrin tí ó ti tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ nínú ogun tí wọ́n jà kí Amẹ́ríkà má baà fọ́ kò rí àyè tí yóò tẹ́ ọmọ tirẹ̀ sí nínú ọkọ̀ ojú irin Amẹ́ríkà.

Ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ

Ní ọdún 1892, ìjọba ti ṣe òfin láti máa san owó ìfẹ̀yìntì fún àwọn obìnrin tí wọ́n ṣe nọ́ọ̀sì nígbà ogun. Susie King Taylor kò rí i gbà. Nínú ìwé àwọn ológun, alágbàfọ̀ ni. Ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, Trowbridge, kọ lẹ́tà sí i pé ó dun òun pé irú nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀ nínú ìwé ni ó dínà ẹ̀tọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun sì mọ̀ pé ó tọ́ sí i.

Ó wá ṣe ohun tí ìyá àgbà rẹ̀ ti múra rẹ̀ sílẹ̀ fún láti inú ilé ìdáná Ìyáàfin Woodhouse. Ó mú kálàmù. Ní ọdún 1902, ó tẹ ìwé kan jáde ní Boston pẹ̀lú owó ara rẹ̀, èyí tí ó sọ nípa ìgbé ayé rẹ̀ ní ibùdó ogun. Higginson ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀. A kò mọ obìnrin adúláwọ̀ mìíràn tí ó tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ jáde nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú ogun náà. Kò fi ìwé náà ṣàròyé nípa owó ara rẹ̀ nìkan. Ó kọ orúkọ àwọn ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó kọ nípa àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n fi oúnjẹ ran àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní àhámọ́ lọ́wọ́, ó sì bèèrè bí ìgbà tí ìdájọ́ òdodo yóò dé fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ó kú ní Boston ní ọjọ́ kẹfà oṣù kẹwàá ọdún 1912, ní ẹni ọdún 64. Wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú Mount Hope. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí kò sí òkúta tí ó jẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí ibojì rẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tó gbé òkúta tí ó ní orúkọ àti àwòrán rẹ̀ síbẹ̀. Ní ọdún 2023, ìgbìmọ̀ ìlú Savannah dìbò láti fi orúkọ rẹ̀ pe gbàgede kan ní àárín ìlú. Orúkọ John C. Calhoun, igbákejì ààrẹ àtijọ́ tí ó gbèjà oko ẹrú títí ó fi kú, ni gbàgede náà ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí ó ń fi pépà wé ìwé rẹ̀ ní ìgboro Savannah ni orúkọ rẹ̀ wà lójú pátákó níbẹ̀ lónìí.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ẹ̀yin ará, kò sí ẹni tí ó dìídì kórìíra Susie King Taylor nígbà tí ó kọ alágbàfọ̀ sí iwájú orúkọ rẹ̀. Akọ̀wé kan ni ó ń kún ìwé. Ó kọ ohun tí ó rọrùn fún un láti kọ, ó sì lọ jẹun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà gba owó lọ́wọ́ opó fún gbogbo ìyókù ayé rẹ̀.

Èmi tí mò ń kọ èyí, iṣẹ́ ìwé ni iṣẹ́ mi nínú ìjọ, nítorí náà ìtàn yìí kò jẹ́ kí n sinmi. Nínú ìwé ìròyìn ọdọọdún wa, orúkọ àwọn alága àti àwọn olùfisọrẹ ń hàn ketekete. Ìyá tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ńkọ́? Arábìnrin tí ó ń sùn ti aláìsàn ní ilé ìwòsàn, tí kì í ṣe ìbátan rẹ̀ ńkọ́? Lábẹ́ orúkọ wo ni a kọ wọ́n sí, àbí a kò tilẹ̀ kọ wọ́n sí ibì kankan?

Olúwa kò ní gbàgbé wọn, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àwa fi ìyẹn ṣe àwáwí. Kí àwọn akọ̀wé ìjọ jọ̀wọ́ ṣí ìwé wọn kí ọdún yìí tó parí, kí wọ́n bèèrè ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà gan-an, kí wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ṣì wà láàyè láti kà á.